Ibi Tí Abẹ́rẹ́ Ti Máa Ń Ṣi Orin Tẹ̀

Ìgbà kẹta tí Ìyá Ìbéèrè gbọ́ orin náà ni ara tó fu ú. Ó jókòó nínú ilé ìdáná rẹ̀, fóònù wà lórí tábìlì, tíì rẹ̀ sì ti tutù pátápátá. Orin tí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Abẹ́rẹ́, tẹ̀ kẹ́yìn láyé nìyí, tàbí ká kúkú sọ pé ohun tí gbogbo èèyàn gbà nìyẹn. Ńṣe ló fẹ́ fi dágbére fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí orin náà dé ìdajì, tó dé ibi tí Abẹ́rẹ́ ti máa ń ṣì í tẹ̀, kò ṣì í tẹ̀.

Ó dá a padà sẹ́yìn. Ó tún gbọ́ ọ. Orin náà gòkè, ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó sì kọjá bí omi.

"Ó tì o," ni obìnrin náà sọ fún fóònù. "Ìwọ kọ́ nìyí."

Aránṣọ ni Abẹ́rẹ́. Ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ mú, abẹ́rẹ́ kì í sì í kúrò ní àyà aṣọ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń tẹ píánò nínú ilé wọn ni, àwọn tí kì í ṣe iṣẹ́ wọn. Kálukú á gba orin tirẹ̀ sílẹ̀ ní pálọ̀ rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí ojú ìwé ẹgbẹ́ lórí ayélujára, bó bá sì di ọjọ́ àṣehàn, gbogbo wọn á jókòó gbọ́ ara wọn, wọ́n á máa kọ ọ̀rọ̀ ìwúrí sábẹ́ orin ẹnì kìíní kejì. Ìyá Ìbéèrè pàápàá wà níbẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, títí di òní ló sì ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò.

Gbogbo ẹgbẹ́ ló mọ àṣìṣe Abẹ́rẹ́. Níbi tí orin ti yẹ kó bọ́ sórí bọ́tìnnì píánò dúdú, ìka rẹ̀ á bọ́ sórí funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ á ta èèyàn létí. Bó bá pẹ́, èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í retí rẹ̀, torí ó máa ń dún bí ohùn ẹni tí ẹkún ká mọ́ ọ̀fun lójijì. Ìyá Ìbéèrè ti bi í léèrè rí ìdí tí kì í fi í tún un ṣe. Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bí mo bá tún un ṣe, tèmi kọ́ mọ́ nìyẹn."

Àṣìṣe tí kò tún ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjọ́ tó máa kú ló wá tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ ọ́ létí rárá.

* * *

Ọmọ iṣẹ́ Ìyá Ìbéèrè ni ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá nígbà kan. Ó dìde kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ṣùgbọ́n bó ṣe gbọ́ ohun tó bá wá, ó jókòó padà.

"Mà, ẹ dákun. Torí nóòtù orin kan?"

"Ọ̀kan ṣoṣo."

"Kí n tú ẹni tó pa ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ torí pé ìyàwó tẹ píánò dáadáa? Ọ̀la là ń gbé ọkùnrin náà lọ sílé ẹjọ́, mà. Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Ó ka ẹjọ́ náà sílẹ̀ fún un bí ẹni tó ti há a sórí. Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, ni wọ́n ti bá Abẹ́rẹ́, orí rẹ̀ ti fọ́. Ẹnì kan tì í ni, torí apá rẹ̀ dáranjẹ̀ níbi tí wọ́n ti dì í mú. Oòrùn ti pa ibẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, dókítà kò sì lè sọ wákàtí tó kú. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, orin rẹ̀ wọlé sójú ìwé ẹgbẹ́, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: *Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tán ni o, ẹ má bá mi wí.* Èyí fi hàn pé ó ṣì wà láyé nígbà yẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin yà kí i láàárọ̀, ó sì ti lọ síbi iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọkọ rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù dé láti ìrìn àjò. Aládùúgbò tó wà ní òdìkejì títì ní òun kò rí ẹlòmíràn tó wọlé títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Aládùúgbò yìí kan náà ló gbọ́ tí tọkọtaya ń pariwo mọ́ra wọn kí ọkọ tó gbéra ìrìn àjò náà.

"Ẹ jẹ́ n bi yín," ni obìnrin náà wí. Gbólóhùn yìí ló sọ ọ́ di Ìyá Ìbéèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. "Kí ni Awakọ̀ sọ?"

"Ó ní oorun gbé òun lọ ní yàrá iwájú. Òun kò gbọ́ nǹkan kan."

"Kò gbọ́ píánò?"

"Kò gbọ́ ọ. Píánò tó wà nínú ilé kan náà! Irọ́ burúkú."

"Irọ́ burúkú ni lóòótọ́, ìyẹn bó bá jẹ́ irọ́. Bí ìwọ bá pààyàn lọ́sàn-án, tí orin òkú sì wà níta tí gbogbo ayé ti gbọ́, ṣé wàá ní o kò gbọ́ ọ? Wàá ní o gbọ́ ọ, ó dùn, ó tẹ̀ ẹ́ tán, ó jáde sẹ́yìn, oorun sì gbé ọ lọ. Ẹni tó ń sọ òótọ́ nìkan ni irú ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ bẹ́ẹ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀."

Ọ̀gá àgọ́ nu ojú rẹ̀. "Bí kò bá ṣe Abẹ́rẹ́ ló tẹ̀ ẹ́, ta ni? Ta ni yóò jókòó, tí yóò máa tẹ píánò nínú ilé tí òkú wà?"

"Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Ibo lẹ ti rí fóònù rẹ̀?"

"Orí píánò."

"Ìrọ̀lẹ́ lẹ rí i, nígbà tí èrò ti kún ilé, tí ẹni tó fẹ́ wọlé ń wọlé. Ọ̀sán ni mò ń béèrè. Bá mi bi ilé iṣẹ́ fóònù léèrè ibi tí fóònù náà wà nígbà tí orin yẹn wọlé. Mi ò ní kí o tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ìbéèrè ni mo ní kí o bá mi bi wọ́n."

Kó tó kúrò, wọ́n jẹ́ kó rí Awakọ̀ láti ẹnu irin. Ọkùnrin tó sígbọnlẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ ti ń jábọ́ lọ́rùn rẹ̀ báyìí.

"Kí lẹ ń jà lé lórí, ìwọ àtìyàwó rẹ?"

"Ìrìn àjò, mà. Ó ní mi ò kì í gbélé. Mo ní owó kì í wá ẹni wálé fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un kẹ́yìn nìyẹn." Ó di irin mú. "Wọ́n ní ó tẹ píánò nígbà tí mo wà nílé. Mà, mi ò gbọ́ ọ. Ṣé a máa ń sun irú oorun bẹ́ẹ̀ ni?"

Ìyá Ìbéèrè kọjú sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

* * *

Alága ẹgbẹ́ ni Ọ̀gá Kọ́ọ̀rì. Òun ló ń tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló sì ń ṣe bí ẹni pé òun ló dá orin sílẹ̀. Ìyá Ìbéèrè kò kí i tán tó fi gbé fóònù sójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ sí Abẹ́rẹ́ lójú ìwé ẹgbẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí obìnrin náà kú ló wà níbẹ̀: *Tó o bá tún tẹ̀ ẹ́ báyẹn, wàá rí nǹkan tí mo máa ṣe.*

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

Ọkùnrin náà wú bí búrẹ́dì. "Kí n yọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ ni! Mo ti bá a sọ ọ́ títí, etí rẹ̀ di. Mà, ẹ ò lè máa rò pé èmi..."

"Mò ń béèrè ni. Ibo lo wà lọ́jọ́ náà?"

"Ìgbéyàwó là ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì látàárọ̀. Gbogbo kọ́ọ̀rì ló wà lẹ́yìn mi, ẹ bi wọ́n." Lójijì ojú rẹ̀ rọ̀, omijé sì dé. "Ṣùgbọ́n ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu níkẹyìn, mà. Ẹ gbọ́ orin yẹn. Ó tún un ṣe! Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kò tẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀."

Ìyá Ìbéèrè gba fóònù rẹ̀ padà. Kò tíì ronú kan ìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ìbẹ̀rù kí wọ́n má yọ òun ló mú kí Abẹ́rẹ́ tún orin náà ṣe ńkọ́? Gbogbo ẹjọ́ tó ti rò lójú ọ̀nà dojú dé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó jókòó sórí àga ìta ṣọ́ọ̀ṣì náà, ó fi okùn ìgbọ́hùn fóònù sétí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ àwọn orin Abẹ́rẹ́ tó ti pẹ́ lójú ìwé ẹgbẹ́. Kì í ṣe píánò ló ń gbọ́ mọ́. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń gbọ́, kò sì pẹ́ tó fi rí i: nínú gbogbo wọn pátá, Abẹ́rẹ́ ń kùn. Ó ń kùn lábẹ́ ẹnu tẹ̀lé ìka rẹ̀, bó ṣe máa ń kùn nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, tí kò sì mọ̀ pé òun ń ṣe é. Ó padà sí èyí tó kẹ́yìn. Píánò nìkan ló wà níbẹ̀, ẹnu ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sì pa mọ́ pinpin.

Èèyàn lè pinnu pé òun á tún nóòtù kan ṣe. Ta ló ń pinnu pé òun ò ní ṣe ohun tí kò mọ̀ pé òun ń ṣe?

"Ẹ jẹ́ n bi yín," ó ké sí Ọ̀gá Kọ́ọ̀rì tó ń ti ilẹ̀kùn. "Nínú ẹgbẹ́, ta ló tún mọ orin yẹn tẹ̀?"

"Èmi. Àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Nọ́ọ̀sì. Tirẹ̀ mọ́ tónítóní, kò ṣi ẹyọ kan rí. Òun náà tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ fún àṣehàn yẹn."

"Kí lo kọ sábẹ́ tirẹ̀?"

Ó ronú. "'Ó dáa.'"

"Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Kí ni mo tún fẹ́ kọ, mà? Ó dáa náà ni."

* * *

Ó bá Nọ́ọ̀sì ní ilé Abẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Obìnrin náà ń fi aṣọ ìbora we píánò, ó ń fi okùn dì í, nítorí àwọn tó máa bá a gbé e ń bọ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà ní igun, aṣọ tí ẹnì kan kò ní í wá gbà mọ́ ṣì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Píánò bàbá wa ni. Mi ò fẹ́ kí eruku bò ó."

"O ṣeun, ọmọ mi. Mo wá bẹ̀ ọ́ ni." Ìyá Ìbéèrè wá ibi jókòó. "Ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe ìrántí àbúrò rẹ. Mo ní kò sẹ́lòmíràn tó lè bá wa tẹ orin rẹ̀ bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, àfi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ kí n gbọ́."

Nọ́ọ̀sì wo okùn ọwọ́ rẹ̀. Ó tú aṣọ kúrò, ó jókòó, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ó mọ́, kò sí ẹ̀gbin kankan lára rẹ̀, ó sì tutù bí ilẹ̀ ọsibítù.

"Ó dáa," ni Ìyá Ìbéèrè wí. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà gún un. "Ṣùgbọ́n tìẹ nìyẹn. Tirẹ̀ ni mo ní. Fi àṣìṣe yẹn sí i."

"Àṣìṣe wo?"

"O mọ̀ ọ́n. Níbi dúdú yẹn, tẹ funfun."

Nọ́ọ̀sì tún bẹ̀rẹ̀. Ó dé ibẹ̀, ó tẹ dúdú. Ó ní ká forí jì òun, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó dé ibẹ̀, ìka rẹ̀ ti ń lọ sórí funfun, ó sì yẹ̀ kúrò bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Dúdú. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Dúdú.

"Mi ò lè ṣe é," ó wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Mo mọ̀. O kò lè ṣe é lọ́jọ́ yẹn náà. O rántí rọra tẹ̀ ẹ́ bíi tirẹ̀, o rántí kọ ọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ kọ̀."

"Kí lẹ̀ ń sọ, mà?"

Fóònù Ìyá Ìbéèrè dún. Ó gbé e, ó gbọ́, ó ní "O ṣeun," ó sì gbé e sórí itan. "Ọ̀gá ọlọ́pàá ni. Ó ń bọ̀. Fóònù àbúrò rẹ kò sí nínú ilé yìí lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àgbègbè ọsibítù yín ló wà nígbà tí orin wọlé. Nínú báàgì rẹ ni, àbí? O sì rọra gbé e padà sórí píánò nírọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo wa ń sunkún."

Nọ́ọ̀sì kò sunkún. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n.

"Rúlà ni Bàbá fi kọ́ mi," ó wí. "Bí mo bá tẹ funfun yẹn, á là á mọ́ mi níka. Títí ó fi ń ṣẹ̀jẹ̀, mà. Kò kọ́ àbúrò mi ní tirẹ̀, ó ní ìka rẹ̀ kúrú. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló máa ń dúró sí, ibẹ̀ ló ti gbọ́ ọ, ìgbọ́kúgbọ̀ọ́ tó gbọ́ ọ náà ló ń tẹ̀. Nígbà tí Bàbá darúgbó, ṣé ẹ mọ ẹni tó ní kó wá máa tẹ̀ ẹ́ fún òun? Àbúrò mi ni. Ó dé ibi àṣìṣe yẹn, Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rẹ́rìn-ín! Ó sì fi píánò sílẹ̀ fún un."

"Ohun tó o wá gbà láàárọ̀ yẹn nìyẹn."

"Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní píánò ò kúrò, pé kí n máa wá tẹ̀ ẹ́ nígbàkúùgbà tó bá wù mí. Bí ẹni ń fún alágbe ní nǹkan. Ó ń ká aṣọ kúrò lórí okùn, lórí àtẹ̀gùn. Mo fà á lápá. Mo tì í."

"Nọ́ọ̀sì ni ẹ́. O sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó?"

"Mo wò ó. Irú orí bẹ́ẹ̀, mo ti rí i rí. Mo mọ̀ pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i."

"Mi ò bi ọ́ nípa ohun tí wọ́n lè ṣe. O pe ẹnikẹ́ni?"

Nọ́ọ̀sì fi ìka nu eruku kúrò lórí píánò.

"Nígbà tó o jókòó sídìí píánò yìí, ó ti kú?"

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ píánò náà, kò jìnnà rárá. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó sì gbé ojú kúrò. "Ó ṣì ń mí. Mo gbọ́ ọ. Nígbà tí mo fi tẹ̀ ẹ́ tán, mi ò gbọ́ ọ mọ́." Ojú rẹ̀ sì le koko. "Ṣé ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀, mà? Wọ́n ní wọn ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Wọ́n ní àwọn sunkún. Ẹ̀yin náà kọ̀wé síbẹ̀. Ọwọ́ mi ni. Èmi ni gbogbo yín ń sunkún fún, ẹ kàn rò pé òun ni."

Òótọ́ ni, Ìyá Ìbéèrè kọ̀wé síbẹ̀. Ìbínú tó gùn ún nígbà náà, bí kì í bá ṣe pé àwọn ọlọ́pàá kan ilẹ̀kùn, kò mọ ohun tí ì bá ṣe. Bí wọ́n ti ń mú Nọ́ọ̀sì jáde, àwọn tó máa gbé píánò dé. Ìyá Ìbéèrè lé wọn lọ.

* * *

Wọ́n tú Awakọ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Lórí káńtà, wọ́n kó bẹ́líìtì rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ àti fóònù rẹ̀ fún un. Ọ̀gá àgọ́ ní kó má bínú. Awakọ̀ ní kò burú, bí àwọn èèyàn ṣe máa ń sọ ọ́.

Ìyá Ìbéèrè bá a jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta. Awakọ̀ ti gbọ́ bí ẹjọ́ náà ṣe rí lẹ́nu àwọn ọlọ́pàá, wọ́n kò sì bá a bo nǹkan kan mọ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló ń gbé oúnjẹ wá fún mi níbí," ó wí. "Ojoojúmọ́. Mo ń jẹ ẹ́. Mo ń dúpẹ́."

"Pẹ̀lẹ́."

"Mi ò purọ́, mà. Mo ní mi ò gbọ́ píánò."

"O kò purọ́. Kò sí ẹni tó tẹ píánò nígbà tó o wà nílé."

Ó mi orí. Ó tan fóònù rẹ̀, ó wá ojú ìwé ẹgbẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ fi sí i fún un tipẹ́tipẹ́, tí kò ráyè ṣí rí nítorí ìrìn àjò. Ó yí i lọ sókè, ó yí i wá sílẹ̀, ó sì rí orin tó kẹ́yìn. Ìka rẹ̀ dúró lórí rẹ̀.

"Má gbọ́ ìyẹn," ni Ìyá Ìbéèrè wí kíákíá. "Kì í ṣe òun ló wà níbẹ̀. Ti òun gangan pọ̀ lókè, jẹ́ kí n bá ọ wá a."

"Wọ́n ní ó ṣì ń mí nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

"Ọmọ mi..."

"Wọ́n ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ṣé ó ṣí sílẹ̀?"

Ní gbogbo ọdún tó fi ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá, òun ló ń bi èèyàn ní ìbéèrè tí wọn kò fẹ́ dáhùn. Ó gbìyànjú láti purọ́, irọ́ náà kò jáde.

"Ó ṣí sílẹ̀."

Ọkùnrin náà tẹ orin náà. Ó gbé fóònù mọ́ etí rẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì dí etí tó kù, ó sì di ojú rẹ̀. Píánò bẹ̀rẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Ọkùnrin náà kò mi ara rẹ̀, kò jẹ́ kí èémí tirẹ̀ pàápàá dún. Abẹ́ orin náà ló ń gbọ́, ó ń wá ibi tí ìyàwó rẹ̀ wà.